Bí ìtàn ẹni tó ni aago ṣe di owó

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dáwó jọ, wọ́n ra aago ọwọ́ kan fún wọn. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Dúdú ni ojú aago náà nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n nígbà tó fi kàn mí, ó ti di àwọ̀ kókó tí wọ́n sá dáadáa lóòrùn.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ki awò kékeré bọ ojú kan, wọ́n tú ìdérí ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n wò ó. Nínú ìdérí náà lọ́hùn-ún, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ha nọ́ńbà tín-tìn-tín sí i, ìlà mẹ́ta, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tú aago yìí," bàbá náà wí. "Ẹni tó bá tú u ló máa ń ha ọjọ́ tó tú u síbẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́ di tuntun, bàbá." Wọ́n sì bá mi sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n kun ojú rẹ̀ ní funfun, wọ́n fi ẹ̀rọ dán ara rẹ̀ títí gbogbo igun rẹ̀ fi di roboto. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo fi han ẹnì kan tó ń ra aago àtijọ́, kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan tó fi dá a padà fún mi. Ó ní, "Ká ní ẹ ò kùn ún ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, ó sì mú mi wádìí ìgbà tí àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtàn aago díwọ̀n iye rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ aláago kan tó ń jẹ́ Abraham-Louis Breguet ni mo bá a dé. Paris ló dá ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí lọ́dún 1775. Aago rẹ̀ dára débi pé àwọn aláyédèrú ń kọ orúkọ rẹ̀ sára aago tí kò fọwọ́ kàn rí. Ní nǹkan bí ọdún 1795, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha orúkọ rẹ̀ sójú aago ní ọ̀nà tó fi jẹ́ pé àfi kéèyàn dẹ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ kó tó lè rí i. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ìwé títà rẹ̀. Nọ́ńbà aago, ọjọ́ tó tà á, iye tó tà á, orúkọ ẹni tó rà á, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ìwé náà kò sì tíì parun dòní. Lójú tèmi, oríkì aago nìwé yẹn. Aago tó bá ní ìlà kan nínú rẹ̀, a mọ ilé tó ti wá.

Síbẹ̀, nígbà ayé Breguet, aago àtijọ́ kò tíì di ohun tí gbogbo ayé ń dù. Aago oníbátìrì ló wá sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, ilé iṣẹ́ Seiko gbé aago oníbátìrì tí wọ́n pè ní Astron jáde ní Japan, aago tí à ń yí létí kò sì lè bá a dọ́gba mọ́ nínú pípé àkókò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland ló kógbá wọlé. Nígbà tí aago bẹ́ẹ̀ kò ṣe dandan fún wíwo àkókò mọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ilé gbàǹjo tí à ń pè ní Antiquorum bẹ̀rẹ̀ ní Geneva lọ́dún 1974. Lọ́dún 1989 wọ́n ṣe gbàǹjo kan tó jẹ́ pé aago ilé iṣẹ́ Patek Philippe nìkan ni wọ́n tà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà. Joanne, ìyàwó rẹ̀, ra aago Rolex Daytona kan fún un, ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Lọ́dún 1984, Newman fi aago náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní New York ní 17,752,500 dọ́là. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wúrà. Ẹ tún wo Rolex tí Bao Dai, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Vietnam, lò: ó tà ní nǹkan bí 235,000 dọ́là lọ́dún 2002, ó sì ju mílíọ̀nù 5 lọ lọ́dún 2017.

Kò yẹ kí èyí ya ará Èkìtì lẹ́nu. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London lọ́dún 1924. Àwọn British Museum fẹ́ ẹ gan-an, ṣùgbọ́n Ògògà kò gbowó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1988, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún àwọn olùwádìí, àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́ sì wà nínú oríkì náà. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kiri lónìí kò lè fojú fo ohun tí ìyá yẹn sọ.

Ti bí ara aago ṣe rí ló ṣòroó yé èèyàn jù. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ha sára aago ló ń bà á jẹ́. Marlon Brando, òṣèré Amẹ́ríkà mìíràn, fọwọ́ ara rẹ̀ ha orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn Rolex rẹ̀, òrùka tó yí ojú rẹ̀ ká sì ti yọ dànù, síbẹ̀ ó tà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.9 dọ́là lọ́dún 2019. Ohun tí àwọn olówó ń sá fún ni ọwọ́ tó wá tún un ṣe lẹ́yìn náà: ojú tí wọ́n tún kùn, ọwọ́ aago tí wọ́n pààrọ̀, igun tí wọ́n dán títí ó fi di roboto. Ohun tí wọ́n bá fá kúrò lára irin, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Lọ́dún 2021, aago Omega Speedmaster kan tà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3 owó Switzerland ní Geneva. Lọ́dún 2023 ni ilé iṣẹ́ Omega fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé ẹ̀yà ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, Màámi bá mi rí fọ́tò ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yẹn nínú àpótí wọn. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé tábìlì, aago náà hàn kedere, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo béèrè orúkọ àwọn tó dáwó, Màámi ń pè é, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà ni mo padà sọ́dọ̀ bàbá tó tún un ṣe. Ìlà mẹ́ta yẹn ṣì wà nínú ìdérí, wọn ò fọwọ́ kan inú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi ha ọjọ́ tí wọ́n kùn ún síbẹ̀. Wọ́n ki awò bọ ojú, wọ́n mú abẹ́rẹ́. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí.