Títọ́ ọmọ nínú ìgbàgbọ́ àti ìwà ní iléèwé Kátólíìkì ilẹ̀ Okun

Iléèwé Kátólíìkì ni iléèwé tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ láti kọ́ ọmọ níwèé, kó sì tún tọ́ ọ kó mọ Ọlọ́run, kó mọ ìwà hù. Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín àwọn Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá tó wà ní Kàbbà, Ìjùmú, Yàgbà, Búnú àti Mopa, abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́kọ́ja ni àwọn iléèwé yìí wà.

Àwọn fada SMA (Society of African Missions, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà) ti dé Lọ́kọ́ja láti 1884 kí wọ́n tó lọ sí Àsàbà ní 1888, àmọ́ 1955 ni Róòmù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Kàbbà di agbègbè ìjọ tó dá dúró, tí Auguste Delisle, fada ẹgbẹ́ Holy Ghost tó wá láti Kánádà, sì jẹ́ olórí rẹ̀. St. Augustine's College ní Kàbbà wà lára àwọn iléèwé tí ìjọ dá sílẹ̀ lágbègbè yẹn.

Ìwé òfin ìjọ ti 1983 sọ pé tíṣà iléèwé Kátólíìkì gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀kọ́ ìjọ dáadáa, kí ìgbé ayé rẹ̀ náà sì mọ́, èyí ṣe pàtàkì gan-an torí ohun tí tíṣà bá ń ṣe ni ọmọ ń wò, kìí ṣe ohun tó ń sọ. Ìwé òfin yẹn náà ló ní òbí ló kọ́kọ́ ni ẹrù títọ́ ọmọ, tíṣà kàn ń bá wọn gbé e ni, àwọn àgbà wa sáà ti sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún ò mọ sí kíláàsì CRS (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kristi) nìkan. Àdúrà wà ní asẹ́ḿbílì, tó bá di aago méjìlá ọ̀sán wọ́n á dúró gba àdúrà Áńgẹ́lúsì, tí wọ́n fi ń rántí ìròyìn tí áńgẹ́lì mú wá fún Màríà, Mísà náà wà, Rosárì, àdúrà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà, náà wà, pàápàá lóṣù kẹwàá. Látìgbà tí póòpù Pius Kẹwàá ti ṣòfin ní 1910, ọmọ bí ọdún méje ti lè gba Kọmúníọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́ katekísímù kó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ná. Ibi ìjẹ́wọ́ yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ àti ìwà ti pàdé, torí wọ́n á kọ́ ọmọ pé kó jókòó ro ohun tó ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni mú un, tó bá sì jẹ́ pé ó jí pẹ́ńsù ọmọ kíláàsì rẹ̀, kó jẹ́wọ́ fún fada nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ọmọ tó bá mọ èyí, ẹ̀rù pàṣán nìkan kọ́ ló máa jẹ́ kó ṣe dáadáa. Ohun tí John Bosco, fada ará Ítálì tó kú ní 1888, fi tọ́ àwọn ọmọ ìgboro náà nìyẹn: làákàyè, ẹ̀sìn àti ìfẹ́, dípò ìyà.

Ìkúnlẹ̀ kí àgbà, òtítọ́ sísọ àti iṣẹ́ ṣíṣe, tí ilé Okun ti ń kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀, ò ta ko ẹ̀kọ́ yìí rárá, ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀ ní "okun o", ìkíni àwọn Okun, láàárọ̀, kò ní ṣòro fún un láti kí tíṣà.

Ọmọ ìjọ ECWA, ọmọ ìjọ Áńgílíkà àti ọmọ Mùsùlùmí náà máa ń lọ síbẹ̀. Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ò gbà kí wọ́n fipá mú ọmọ kankan ṣe ẹ̀kọ́ tàbí ìsìn tí kìí ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ ò fọwọ́ sí.