Bí o ṣe ń fà á ló ń sáré sí i: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ di jọ́kì

Láti Ṣábẹ, títì tó gba Parakou lọ sókè ló ń gbé èèyàn sún mọ́ Nìkì, níbi tí àwọn Ìbàrìbá ti ń fi ẹṣin ṣẹ̀yẹ nígbà ọdún Gàání. Ní Kétu àti Àjàṣẹ́, orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti mọ ẹṣin eré. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ iṣẹ́ jọ́kì, ẹni tó ń gun ẹṣin sá eré ìdíje, sábà máa ń bi wá.

Ẹṣin eré wúwo tó 500 kílò, jọ́kì kì í sì í sábà ju 55 lọ. Agbára wo ló fi ń mú un?

Kì í ṣe agbára. Bó bá jẹ́ agbára apá ni, àwọn oníjàkadì ni à bá máa gbé gun ẹṣin.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ẹṣin. Láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn, àlàfo kan wà tí eyín kò hù sí. Ibẹ̀ ni irin ìjánu ń sinmi sí, lórí ahọ́n àti èrìgì. Bí o bá fa awọ ìjánu tí o kò dẹ̀ ẹ́, ẹṣin á fi ẹnu ti irin náà padà, nítorí ohun tó bá ń tì í ni òun náà máa ń tì. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti wà lórí ẹ̀ báyìí, ó ti rí ohun tí yóò fi ọrùn rọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa ta sí i. Ẹṣin eré tún ti kọ́ láti kékeré pé bí ìjánu bá ti le gbọnyin, eré ló kàn. Ìdí nìyí tí ọmọ-iṣẹ́ fi máa ń fà títí tí apá rẹ̀ á fi kú tipiri, tí ẹṣin á sì máa yára sí i lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni pé kí o fi awọ ìjánu ṣe afárá. Mú awọ ọ̀tún ní ọwọ́ ọ̀tún, kí o mú ìyókù rẹ̀ kọjá sínú ọwọ́ òsì; ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ti òsì. Awọ méjèèjì á wá nà láàárín ìkúùkù rẹ méjèèjì. Gbé e lé ọrùn ẹṣin, ní iwájú èjìká rẹ̀, kí o fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹṣin bá fà, ọrùn ara rẹ̀ ló ń fà, kì í ṣe apá rẹ. Bí ó bá kọsẹ̀ pàápàá, afárá yẹn ni yóò gbà ọ́ tí o kò fi ní ré kọjá orí rẹ̀.

Nígbà tí o bá fẹ́ kó rọra, ìka ni kí o lò: fún awọ ìjánu pọ̀ fún ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì, dẹ̀ ẹ́, tún fún un. Gbé àyà rẹ sókè díẹ̀. Fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Dídẹ̀ yẹn gan-an ni èrè ẹṣin. Ẹni tó bá ń fún tí kì í dẹ̀, ẹṣin kò mọ ìgbà tí òun ṣe ohun tó dára.

Kí ló dé tí jọ́kì kì í fi ìdí kan gàárì?

Torí ẹ̀yìn ẹṣin tó ń sá eré àsápajúdé ń lọ sókè-sódò, ó sì ń sún síwá-sẹ́yìn ní gbogbo ìgbésẹ̀, ìgbésẹ̀ náà sì ju méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá jókòó, ẹṣin ní láti gbé ara rẹ sókè kó tún tì í síwájú nígbà gbogbo. Bí o bá dúró lórí irin ìtẹsẹ̀, tí orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ ń ká tí ó ń nà bíi sípíríǹgì, ẹṣin ń ru ìwọ̀n rẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní láti máa jù ọ́ síwá-sẹ́yìn mọ́. Ìwọ ló ń gba ìdààmú náà fún un, ìdí sì nìyí tí itan jọ́kì fi máa ń gbóná bí iná lẹ́yìn eré tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Tod Sloan, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ irin ìtẹsẹ̀ kúkúrú yìí di mímọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1897. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, wọ́n ní ó jọ ọ̀bọ lórí igi. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé nígbà tí ìjókòó yìí tàn kálẹ̀, ní nǹkan bí 1900, àkókò tí wọ́n fi ń parí àwọn eré ńlá fi ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ẹni tó ti ń gun ẹṣin ní ìhà Nìkì ńkọ́? Ṣé kò ní rọrùn fún un?

Ní ìdajì. Kò ní bẹ̀rù ẹṣin, ó mọ bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, ìyẹn sì ju ìdajì iṣẹ́ lọ fún ọmọ Àjàṣẹ́ tí kò rí ju ẹran ọ̀sìn ilé lọ. (Eṣinṣin tsetse ló jẹ́ kí ẹṣin ṣọ̀wọ́n ní ìhà gúúsù, àrùn tó ń gbé káàkiri ń pa wọ́n.) Ṣùgbọ́n gàárì ọdún Gàání ga níwájú, ó ga lẹ́yìn, a ń jókòó sínú rẹ̀ bí àga ni, ẹsẹ̀ sì gùn sísàlẹ̀. Gàárì eré kò tó kílò kan nígbà mìíràn, kò sí ohun kankan tó dì ọ́ mú. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ti mọ ìjánu líle, tí ń fi ìfàlójijì dá ẹṣin dúró kó lè gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè fún òǹwòran, yóò ní láti gbàgbé ìyẹn pátápátá. Ó dùn ún wò lójúde ọba o, ṣùgbọ́n lórí pápá eré, ẹṣin mìíràn wà lẹ́yìn rẹ.

Kí ni ọmọ-iṣẹ́ ń kọ́ kó tó sáré?

Ìgbálẹ̀ ni, tàbí ká ní ṣọ́bìrì. Ilé ẹṣin ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: kíkó ìgbẹ́, bíbu omi (ẹṣin kan lè mu 30 sí 40 lítà lóòjọ́, ó tún ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru), wíwo pátákò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oúnjẹ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni, nítorí àpò oúnjẹ inú ẹṣin kéré, kì í sì í bì. Ọkà tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà lè di inú rírun tó ń pa á.

Apá òsì la ti ń sún mọ́ ọn, kí èjìká rẹ̀ wà lójú rẹ. Má ṣe gba tààrà ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an àti iwájú imú rẹ̀. Fún ọ̀já abẹ́ ikùn kí o tó gùn ún, kí o tún fún un lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ń fẹ́ ikùn nígbà tí wọ́n bá ń di gàárì; bí o kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, gàárì á yí pẹ̀lú rẹ sábẹ́.

Ẹṣin onígi tàbí onímọ́tò ni wọ́n máa ń lò fún ìjókòó, lẹ́yìn náà ẹṣin àgbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, tí wọ́n so awọ kan mọ́ ọrùn rẹ̀ fún ìdìmú. Ihò kan sí èkejì ni wọ́n ń fi dín gígùn awọ irin ìtẹsẹ̀ kù. Ẹni tí kò bá lè dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìfi ọwọ́ gbá ọrùn ẹṣin mú, kò tíì yẹ kó sáré. Nígbà tó bá yẹ, ó ku kí ó mọ eré kà ní orí ara rẹ̀: mítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá 15 jẹ́ kìlómítà 48 ní wákàtí, ní 12, ó ti di 60. Bí olùkọ́ bá ní 15, tí o sáré 13, ẹṣin ló gùn ọ́.

Bí ẹṣin bá já mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?

Má kígbe. Má bẹ́ sílẹ̀. Má fi ara sẹ́yìn kí o fi ọwọ́ méjèèjì fà á, torí ohun tí a sọ lókè. Di awọ ìjánu mú ní kúkúrú, kan ọwọ́ kan mọ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú gọ̀gọ̀ nínú rẹ̀, kí o fi ọwọ́ kejì fà sókè kí o dẹ̀, fà kí o dẹ̀. Bí ààyè bá wà, mú un yí ká ní òbírí ńlá. Òbírí kékeré lórí eré ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ara wọn, ẹ̀yin méjèèjì á sì ṣubú.

Àwọn tó kù ní àṣìṣe tiwọn. Wọn a fi ẹṣin wọn lé e láti gbà ọ́ là. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tiwájú náà ń gbọ́ pátákò tẹ̀yìn, ìró yẹn ni yóò fi gbà pé ìdíje ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n dúró. Lórí pápá tó yí ká, ó máa rẹ̀ ẹ́.

Ṣé dandan ni kí n gbẹ bí igi?

Ìwọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Nínú Prix de l'Arc de Triomphe, eré ńlá ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń sá ní pápá Longchamp ní Paris, mítà 2,400, akọ ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta ń ru 56.5 kílò, gàárì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí egungun rẹ̀ tóbi lè ṣe agẹṣin-ìdánrawò, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ nítorí ìwọ̀n. Ojú tó ṣú kò lè rí àlàfo láàárín ẹṣin méjì. Àwọn tó ń wo eré pápá Vincennes, ní Paris bákan náà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni awakọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń jókòó sí, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AFASEC ló ni ilé-ẹ̀kọ́ eré ẹṣin, ó ní ẹ̀ka ní Gouvieux lẹ́bàá Chantilly àti ní Mont-de-Marsan. Nítòsí wa, pápá eré wà ní Niamey àti Bàmakò.

Ṣé kí n yí awọ ìjánu mọ́ ọwọ́ kó má baà bọ́?

Rárá o! Bí o bá já bọ́, yóò wọ́ ọ lọ. Ìka ni kó wà, kó lè yọ. Akoto tó bá sì ti gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kódà bí kò fi ojú hàn pé ó là, sọ ọ́ nù.