Sáà bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà ti ọdún 2007

Sáà bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà ti ọdún 2007 ni sáà tí àwọn ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ń fàgbà han àwọn ikọ̀ tó wà lókè téńté lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí tí ikọ̀ Louisiana State University (LSU), tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, fi gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2007, ó sì parí ní New Orleans ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2008. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn kí wọ́n tó yan àwọn tó máa gbá àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀meje ni ikọ̀ tó wà ní ipò kejì lórí àtẹ AP, ìyẹn àtẹ ìbò àwọn akọ̀ròyìn, fìdí rẹmi.

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ níbí yàtọ̀ sí èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá ní Nàìjíríà. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣóńṣó lórí tó sì ṣóńṣó nídìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú síra wọn, agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló sì máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní mẹ́rin láti fi sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n á tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹni tó bá gbé e dé ìkángun pápá gba àmì 6, á sì tún láǹfààní láti fi àmì kan tàbí méjì lé e. Ẹni tó bá gbá a gba àárín òpó méjì kọjá gba àmì 3.

Bí wọ́n ṣe ń to àwọn ikọ̀

Ìpele tó ga jù lọ, FBS, ní ikọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ìdíje bíi méjìlá péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń gbá kí oṣù kejìlá tó dé. Kò sí bí gbogbo wọn ṣe lè bára wọn pàdé. Nítorí náà, láti ọdún 1936 ni àwọn akọ̀ròyìn ti ń dìbò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àtẹ AP láti sọ ikọ̀ tó dára jù. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ní àtẹ tiwọn.

Ní ọdún 1998 ni ètò tí wọ́n ń pè ní BCS bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan ikọ̀ méjì péré tó máa kojú ara wọn fún ife. Nígbà tó fi máa di 2007, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kó ìdá mẹ́ta: ìbò àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìbò Harris tí àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn akọ̀ròyìn ń dì, àti ìṣirò kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Nínú ti kọ̀ǹpútà, wọ́n máa ń yọ èyí tó gbé ikọ̀ náà ga jù àti èyí tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù kúrò kí wọ́n tó pín in. AP ti ní kí wọ́n má lo àtẹ òun mọ́ lẹ́yìn sáà 2004, ṣùgbọ́n òun náà ni gbogbo ayé ṣì ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ní ikọ̀ kan wà ní ipò kìíní tàbí kejì.

Ohun tó mú kí ètò yìí nira ni pé ikọ̀ méjì ni àyè gbà. Ẹni tó bá wà ní ipò kẹta lọ́jọ́ tí wọ́n kéde, ìbáà jẹ́ pé ìbò díẹ̀ ló fi wà lẹ́yìn, ó ti gbélé. Bí ikọ̀ méjì bá wà tí wọn ò pàdánù rárá, ìjà ò pọ̀. Ọdún tí gbogbo ikọ̀ ńlá bá ti fara gbá pàṣán ni ọ̀rọ̀ ń di ti ọgbọ́n orí oníbò, ọdún 2007 sì ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù nínú ìtàn BCS.

Appalachian State ní Ann Arbor

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, Michigan gba Appalachian State lálejò ní Ann Arbor. Ipò karùn-ún ni Michigan wà lórí àtẹ AP. Ilé ìwé kan tó wà láàárín òkè ní ìlú Boone, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ni Appalachian State, FCS tó jẹ́ ìpele kejì ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lóòótọ́ òun ló gba ife ìpele yẹn ní 2005 àti 2006, ṣùgbọ́n agbára kò dọ́gba: agbábọ́ọ̀lù 85 ni ikọ̀ FBS lè fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, 63 ni ti FCS. Michigan san $400,000 fún wọn kí wọ́n lè wá. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ilé ìwé kékeré á gbowó, ilé ìwé ńlá á gba ìṣẹ́gun, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Èèyàn tó jókòó sí pápá lọ́jọ́ náà lé ní 109,000. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní ìlàjì, àlejò ló ń léwájú ní 28 sí 17. Armanti Edwards tó ń darí ìkọlù wọn ń sáré, ó ń ju bọ́ọ̀lù, apá àwọn ọmọ Michigan ò ká a. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin lé díẹ̀ kí Mike Hart tó gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 54 dé ìkángun, tí Michigan sì bọ́ síwájú ní 32 sí 31. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbìyànjú láti fi àmì méjì lé tiwọn ní ìlàjì kejì yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì já sí pàbó. Àmì méjì yẹn ni wọ́n padà wá ń wá.

Michigan tún fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó láti fi dí ẹnu ọ̀rọ̀, àwọn àlejò dí i. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù lọ, Julian Rauch sì gbá a wọlé láti yáàdì 24 nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 26. Ó di 34 sí 32. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Chad Henne ju bọ́ọ̀lù gígùn fún Mario Manningham, Michigan sì dé ibi tí wọ́n ti lè gbá a wọlé láti yáàdì 37. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló kù. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, afẹsẹ̀gbá gbá a, Corey Lynch yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó nawọ́, bọ́ọ̀lù bà á lára, ó gbé e, ó sì ń sá lọ sí òdìkejì pápá títí aago fi tán. Ariwo kékeré kan ṣoṣo ló ń dún nínú pápá ńlá náà, láti igun tí àwọn ará Boone jókòó sí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ FCS na ikọ̀ FBS tó wà lórí àtẹ AP. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Michigan kò sí nínú ikọ̀ 25 tó wà lórí àtẹ náà mọ́ rárá. Ìdájọ́ yẹn le, àmọ́ a ò lè sọ pé kò tọ́. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé òfin AP kò gbà kí ẹnikẹ́ni dìbò fún Appalachian State pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, torí pé ikọ̀ FCS ni wọ́n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, AP yí òfin náà padà.

Oṣù kẹwàá

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, Stanford lọ kojú USC (University of Southern California) ní Los Angeles. USC wà ní ipò kejì, ó sì ti borí nínú ìdíje 35 léra lórí pápá rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, ẹyọ ìdíje kan ni Stanford borí nínú méjìlá. Àwọn onítẹ́tẹ́ ní USC á fi nǹkan bí àmì 41 jù wọ́n lọ. Tavita Pritchard, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ló darí ìkọlù Stanford, nítorí àìsàn tó ṣe ẹni tó máa ń wà nípò náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jim Harbaugh, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago tán, lórí ànfààní kẹrin, Pritchard ju bọ́ọ̀lù sókè ní yáàdì 10 sí ìkángun, Mark Bradford sì fò já a gbà. Stanford 24, USC 23.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 13, ipò kìíní àti ipò kejì ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Kentucky na LSU tó wà lókè ní 43 sí 37 lẹ́yìn àfikún àsìkò ìgbà mẹ́ta. Ìròyìn yẹn ti kàn kí California tó wà ní ipò kejì tó parí ìdíje rẹ̀ pẹ̀lú Oregon State, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé bí California bá borí, òun ni ọba tuntun. Oregon State ń léwájú ní 31 sí 28. California ti gbé bọ́ọ̀lù dé ìtòsí ìkángun, ó kù ìṣẹ́jú àáyá 14, wọn ò sì ní àǹfààní kankan mọ́ láti dá aago dúró. Kevin Riley, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dípò ẹni tó fara pa, yẹ kó ju bọ́ọ̀lù náà nù kí aago lè dúró, kí wọ́n gbá a gba àárín òpó kí àmì sì dọ́gba. Ó rí àyè níwájú, ó sáré, wọ́n gbé e ṣubú láàárín pápá. Aago ń lọ. Àwọn ọmọ California ń sáré kiri láti tò, aago tán mọ́ wọn lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ti dé ipò kejì kì í pẹ́ níbẹ̀. South Florida, tí kò ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù rárá títí di 1997, gorí rẹ̀, Rutgers sì na án ní 30 sí 27. Florida State na Boston College ní 27 sí 17. Ọ̀rọ̀ Oregon ló dunni jù. Orúnkún Dennis Dixon, atọ́kùn ìkọlù wọn, bà jẹ́ nínú ìdíje pẹ̀lú Arizona, ikọ̀ náà sì fọ́ ká: 34 sí 24. Ipò kìíní pàápàá ò fararọ, torí Illinois lọ na Ohio State lórí pápá rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ní 28 sí 21.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, Arkansas na LSU, tó ti padà sí ipò kìíní, ní 50 sí 48, lẹ́yìn àfikún ìgbà mẹ́ta bíi ti Kentucky. Lọ́jọ́ kejì, Missouri na Kansas tó wà ní ipò kejì ní 36 sí 28 ní Kansas City. Báyìí ni Missouri gun òkè, tí West Virginia sì tẹ̀ lé e. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló kù fún wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kejìlá, Oklahoma gbo ewúro sí Missouri lójú ní San Antonio, 38 sí 17. Òun náà ló ti na Missouri ní oṣù kẹwàá, nítorí náà ìyẹn kò ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Morgantown ni ìyanu ti ṣẹlẹ̀. Pittsburgh, tó ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré tó sì ti pàdánù lẹ́ẹ̀meje, wá kojú West Virginia nínú ìdíje ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn aládùúgbò méjèèjì. Àwọn onítẹ́tẹ́ ti ní West Virginia á fi àmì 28 àti ààbọ̀ borí. Àtàǹpàkò Pat White, atọ́kùn ìkọlù West Virginia, yẹ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́, LeSean McCoy sì ń fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀ fún Pittsburgh díẹ̀díẹ̀. Pittsburgh 13, West Virginia 9.

Ta ló kù? Ohio State, tí kò gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́jọ́ náà, gòkè láti ipò kẹta sí ìkíní lórí àtẹ BCS. LSU, tó na Tennessee ní 21 sí 14 ní Atlanta nínú àṣekágbá líìgì wọn, fò láti ipò keje bọ́ sí ìkejì. Georgia tó wà ní ipò kẹrin tẹ́lẹ̀ bínú, torí wọ́n fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n Georgia kò dé àṣekágbá líìgì rẹ̀, LSU sì gba ife líìgì kan náà. Virginia Tech náà lọ́rọ̀ sọ, àmọ́ LSU ti na án ní 48 sí 7 ní oṣù kẹsàn-án. Hawaii ni ikọ̀ kan ṣoṣo tí kò pàdánù rárá, àwọn oníbò sì ní àwọn tó bá gbá kò lágbára tó. Georgia padà na Hawaii ní 41 sí 10 ní New Orleans, nínú Sugar Bowl.

Àṣekágbá

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, nínú gbọ̀ngàn Superdome kan náà, Ohio State kọ́kọ́ gba àmì 10 léra, tí Chris Wells fi sáré yáàdì 65 nínú rẹ̀. LSU wá gba àmì 31 láìdáwọ́ dúró. Matt Flynn ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó dé ìkángun, ìdíje sì parí ní 38 sí 24. Les Miles ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. LSU ni ikọ̀ àkọ́kọ́ tó pàdánù lẹ́ẹ̀mejì tó sì gba ife BCS, kò sì sí òmíràn títí tí ètò náà fi kógbá wọlé. Àfikún àsìkò ni wọ́n ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Georgia parí ní ipò kejì lórí àtẹ AP.

Ohun tó tẹ̀ lé e

Ìpè pé kí àwọn ikọ̀ tó pọ̀ ju méjì lọ máa du ife gbilẹ̀ sí i. Ní sáà 2014 ni ètò ikọ̀ mẹ́rin rọ́pò BCS, ìgbìmọ̀ kan ló sì ń yàn wọ́n. Ní sáà 2024 ó di ikọ̀ méjìlá. Ká ní méjìlá ni ní 2007, LSU, Georgia, Virginia Tech, Missouri àti Kansas ì bá jọ wà níbẹ̀.

Appalachian State gba ife FCS lẹ́ẹ̀kẹta léra ní òpin sáà náà. Ní 2014 ó gòkè sí FBS. Ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìpele náà wáyé ní Ann Arbor ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Michigan sì borí ní 52 sí 14.