Ìbéèrè Tí Ó Tú Àṣírí Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró

Nígbà tí a gbé ìyá mi àgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin nítorí ikọ́ tí kò jẹ́ kí ó fojú kan oorun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni dókítà bi í nípa ohun tí ó ń gba imú rẹ̀ wọlé: "Ìyá, ṣé ẹ ń mu sìgá?" Ìyá ní òun kò fẹnu kàn án rí. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí ẹni tí ó béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ìkòkò ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ní Òkèlélé, àdúgbò kan ní Ìlọrin, tí ó ń fi igi sun ún ní gbangba, tí yóò sì tún padà sílé lọ fi igi mìíràn se oúnjẹ alẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé ìbéèrè tí wọn kò bi í yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn fi kọ́kọ́ mọ̀ pé eruku àti èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ti wà tipẹ́ kí sìgá tó gbòde.

Ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Georgius Agricola, oníṣègùn ará Jámánì kan tí ó gbé láàárín àwọn tí ń wa fàdákà, kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ kùsà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1556, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ó sọ níbẹ̀ pé eruku inú ihò kùsà a máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti pé lágbègbè àwọn òkè Carpathian, a máa ń rí obìnrin tí ó ti fẹ́ ọkọ méje tẹ̀léra, tí àrùn yìí sì pa méjèèje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, orí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá ní ó burú, wọn ì bá sì ti kìlọ̀ fún ọkùnrin kẹjọ kí ó má sún mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ àwọn ọkọ ni Agricola wò.

Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ni ó sọ àkíyèsí yìí di ìbéèrè. Ní ọdún 1700, ó tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn àrùn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń fà, ó sì mú iṣẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí awakùsà dé orí agbẹ́kùúta, amọ̀kòkò àti agbépòó. Ó ní bí oníṣègùn bá dé ilé tálákà, kí ó jókòó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí àpótí lásán ni, kí ó fara balẹ̀ bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì fi ìbéèrè kan kún èyí tí àwọn àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì ti fi lélẹ̀: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Lóòótọ́, òjé tí àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ rẹ̀ fi ń dán ìkòkò ni ó ká a lára jù, àwọn tiwa kò sì lo òjé. Ṣùgbọ́n ó rí amọ̀kòkò, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Schneeberg, ìlú kùsà kan ní Jámánì, ni ìbéèrè náà ti wá kan jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti pẹ́ tí àwọn awakùsà ibẹ̀ ti ń kú ikú kan tí wọ́n ń pè ní àrùn òkè. Ní ọdún 1879, dókítà méjì tí wọ́n ń jẹ́ Härting àti Hesse jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé kókó burúkú tí ń hù nínú ẹ̀dọ̀fóró ni, àti pé nínú awakùsà mẹ́rin tí ó bá kú, bíi mẹ́ta ni ó ń pa. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ayé tó mọ̀ pé radon wà nínú ọ̀ràn náà, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ń jáde láti ara òkúta tí ó ní uranium.

Síbẹ̀, àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún aráyé yòókù. Ní ọdún 1912, nígbà tí oníṣègùn Isaac Adler kọ odindi ìwé lé e lórí ní New York, ó kọ́kọ́ ní láti ṣàlàyé ìdí tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ fi yẹ ní kíkọ. Ohun tí yóò sọ ọ́ di àjàkálẹ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà náà: láti ọdún 1880 ni James Bonsack ti ṣe ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń wé sìgá tí ó ju 100,000 lọ lóòjọ́, èyí tí ẹni tí ń fọwọ́ wé e kò lè wé tán ní oṣù kan. Àwọn bàbá wa ti mọ tábà kí ó tó dìgbà náà, wọ́n ń fi ìkòkò tábà mu ún, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ ní aṣáà, ṣùgbọ́n èéfín sìgá rọrùn lọ́fun, ó sì ṣeé fà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, iléeṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì dé Ìbàdàn. Ojú irin tí ó gba Òṣogbo kọjá náà ni ó wọ Ọ̀fà àti Ìlọrin.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pọ̀ ní Bírítéènì débi pé wọ́n ní kí dókítà Richard Doll àti onímọ̀ ìṣirò Austin Bradford Hill wádìí rẹ̀. Amusìgá ni Doll, ọ̀dà títì àti èéfín mọ́tò ni ó sì kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn 20 ní Lọ́ńdọ̀nù láti bi àwọn aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́bàá ibùsùn wọn. Bí wọ́n bá bi ẹnì kan tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọn a wá ẹlòmíràn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí àìsàn mìíràn ń ṣe, wọn a sì bi í ní ohun kan náà. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1950 ni èsì jáde: nínú ọkùnrin 649 tí ó ní àrùn náà, méjì péré ni kì í ṣe amusìgá. Ibi tí ó wú mi lórí jù ni ti àwọn kan tí wọ́n ti kà mọ́ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí àyẹ̀wò wá fi hàn pé kì í ṣe òun ni ó ń ṣe wọ́n. Ìwọ̀n sìgá tí àwọn wọ̀nyí ń mu kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí àìsàn mìíràn ń ṣe, nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ojú tí àwọn abèèrè fi wò wọ́n ni ó yí èsì padà. Doll fi sìgá sílẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Ernst Wynder, àti ọ̀gá rẹ̀, Evarts Graham, rí ohun kan náà ní Amẹ́ríkà. Graham yìí ni ó kọ́kọ́ gé odindi ẹ̀dọ̀fóró kan nítorí jẹjẹrẹ ní ọdún 1933 tí aláìsàn náà sì yè é. Òun náà ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní ọdún 1957.

Ẹ̀rí yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Òfin tẹ̀lé e káàkiri ayé, tiwa ní Nàìjíríà dé ní ọdún 2015, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí sìgá ni ó ṣì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lọ. Àmọ́ "iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" ti kúrú di "ṣé ẹ ń mu sìgá?", ẹni tí ó bá sì ti dáhùn pé rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Àwọn obìnrin Xuanwei ní Ṣáínà ni ó tún ìbéèrè náà là. Wọn kì í sábà mu sìgá, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa wọ́n ju bí ó ti ń pa obìnrin ní ọ̀pọ̀ ibi ní orílẹ̀-èdè náà. Inú ilé ìdáná wọn ni àwọn olùwádìí ti rí ìdí rẹ̀: èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń dá láàárín ilé, láìsí ihò tí èéfín yóò gbà jáde. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà èéfín sí ààrò, àrùn náà dín kù gidigidi láàárín àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka èéfín èédú ilẹ̀ nínú ilé mọ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì ka ti igi ìdáná mọ́ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ní ti ikọ́ tí kì í lọ àti mímí tí kì í délẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí èéfín igi mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a darí dé, èmi fúnra mi bi ìyá. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọn àbúrò òun mọ́ òun lẹ́yìn ni òun ti wà nídìí iná. Mo mọ iná náà. Orí igi ni wọ́n ń to ìkòkò gbígbẹ lé, wọn a fi koríko bò ó, wọn a sì tanná ràn án. Àwọn yòókù lè sá fún èéfín bí atẹ́gùn bá yí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ọ̀pá gígùn yọ ìkòkò pípọ́n kò lè sá, nítorí ó gbọ́dọ̀ wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè sí i lára kí ó tó tutù, ooru rẹ̀ yóò sì bò ó pátápátá. Ìyá ni ó máa ń di ọ̀pá náà mú.

Mo mú káàdì tí wọ́n fún wa, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ ibi tí dókítà kọ "kò mu sìgá" sí pé ó ti sun ìkòkò fún bí ọgọ́ta ọdún. Dókítà mìíràn ni a bá níbẹ̀ nígbà tí a padà lọ. Ó kà á, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá, ó ní, "Ìyá, igi wo lẹ fi ń sun ún?"