Ṣé lóòótọ́ ni pé àgbà kò nílò oorun púpọ̀?

Bí bàbá bá ń jí ní aago méjì òru lójoojúmọ́, tí wọn kò sì rí oorun sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun tí ará ilé máa ń sọ ni pé, "Ọjọ́ orí ni. Àgbà kò kúkú nílò oorun púpọ̀." Bàbá fúnra wọn á gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa fara dà á. Ìgbàgbọ́ òdì ni, ó sì ń pa àwọn àgbà wa lára.

Àjọ National Sleep Foundation ní Amẹ́ríkà gbé ìmọ̀ràn jáde ní ọdún 2015. Wákàtí 7 sí 9 ni wọ́n kọ fún ẹni ọdún 18 sí 64. Fún ẹni ọdún 65 sókè, wákàtí 7 sí 8 ni. Ẹ ò rí i pé wákàtí 7 yẹn kò kúrò níbẹ̀!

Bí oorun ṣe ń wá ló ń yí padà. Oorun fẹ́rẹ́ wà, oorun àsùnwọra wà, oorun tí a fi ń lá àlá náà wà, wọ́n sì máa ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Oorun àsùnwọra ló ń dín kù jù, kì í sì í dúró dìgbà tí irun bá funfun kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ku oorun fẹ́rẹ́, ìró ilẹ̀kùn lásán ti tó láti jí èèyàn. Bí àgbà bá ta jí lẹ́ẹ̀mejì lóru, tí wọ́n sì tètè sùn padà, kò sí àìsàn níbẹ̀.

Aago kan tún wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń darí rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, aago yìí á máa sáré síwájú. Màmá tí oorun kì í kùn tẹ́lẹ̀ àfi tí aago mọ́kànlá bá lù lè bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé ní mẹ́jọ. Tí wọ́n bá sùn ní mẹ́jọ ààbọ̀, tí wọ́n jí ní mẹ́rin ààbọ̀, wákàtí 8 gbáko ni wọ́n sùn. Àmọ́ tí wọ́n bá ń tòògbé lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n wá wọ yàrá ní mọ́kànlá, aago inú ara á ṣì jí wọn ní mẹ́rin ààbọ̀. Oorun orí àga yẹn ti jẹ nínú ti òru.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn ohun tó ní ìtọ́jú tí a ń dì ru ọjọ́ orí. Bí ìtọ̀ bá ń jí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó sì lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀, tí wọ́n ń lò nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró díẹ̀ kó tó mí padà, ó yẹ kí dókítà gbọ́. Ìrora oríkèé ńkọ́? Ìbànújẹ́ ọkàn ńkọ́? Àwọn àgbà tí ara wọn le kì í fi bẹ́ẹ̀ ráhùn nípa oorun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré ra oògùn oorun fún wọn. Kì í tètè kúrò lára àgbà. Òyì lè máa kọ́ wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n lè ṣubú kí egungun ìbàdí kán, ọkàn wọn sì lè dàrú. Ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń fi ṣíwájú fún àìróorunsùn tó ti pẹ́ kò ní oògùn nínú: kí wákàtí tí wọ́n ń jí má yí padà, kí wọ́n má wọ bẹ́ẹ̀dì àfi tí oorun bá ń kùn wọ́n, tí oorun bá sì kọ̀, kí wọ́n dìde lọ jókòó síbòmíràn títí á fi dé.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà tí wọ́n wọ bẹ́ẹ̀dì, iye ìgbà tí wọ́n jí àti ohun tó jí wọn, ìgbà tí wọ́n dìde, àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n ń lò ó.