Ibi tí àwòrán alumíníọ́mù ti ṣẹ̀ wá ní Òṣogbo

Ẹni tó bá wá ra iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo yóò rí wọn: páànù alumíníọ́mù tí wọ́n fi ìṣó àti òòlù lù títí igi, ẹyẹ, ọba àti ẹlẹ́ṣin fi yọ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé àjogúnbá àtayébáyé ni, bí aṣọ àdìrẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tí ara rẹ̀ kò le ni ó sì ti ṣẹ̀.

Àṣírù Ọlátúndé ni orúkọ rẹ̀. 1918 ni wọ́n bí i, sínú ìdílé alágbẹ̀dẹ. Àìsàn kò jẹ́ kí ó lè dúró ti ẹwìrì àti owú mọ́, ló bá kù sórí iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Òyìnbó méjì tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, Ulli Beier àti Susanne Wenger, ń gbé Òṣogbo nígbà náà. Ní 1962, Beier àti Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré, sílẹ̀. Wọ́n rí ohun tí ọwọ́ Àṣírù lè ṣe, wọ́n sì gbà á níyànjú. Yẹtí àti ọ̀ṣọ́ kéékèèké ló kọ́kọ́ ń fi bàbà ṣe. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà fẹ̀ sí i, ìtàn wọ inú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ yọ níbẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kò dúró lórí bàbà. Alumíníọ́mù ni gbogbo ayé padà mọ̀ ọ́n mọ́ títí ó fi kú ní 1993. Ẹni tó bá ti ra bàbà rí mọ̀ pé ó wọ́n. Tí a bá gbé ọgọ́rùn-ún kílò òkúta inú ilẹ̀ ayé yìí lásán, bàbà inú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Irin inú rẹ̀ tó kílò 5, alumíníọ́mù tó kílò 8. Síbẹ̀ alumíníọ́mù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ ohun ìṣúra, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń fà á yọ ní pọ̀ọ́kú. Ní 1886 ni Hall ní Amẹ́ríkà àti Héroult ní Faransé, láìjẹ́ pé wọ́n mọ ara wọn, rí ọ̀nà tí iná mànàmáná fi lè yọ ọ́. Láti ìgbà náà ló ti di ìkòkò, di páànù òrùlé, tó sì dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ Òṣogbo.

Mo ń ronú lórí èyí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè bóyá irin àti bàbà yóò tán láyé, pàápàá nísinsìnyí tí wáyà, bátìrì àti ẹ̀rọ iná oòrùn ń jẹ wọ́n bí ẹni jẹ̀kọ. Òṣogbo ti rí i tí irin wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣófo. Àwọn baba ńlá wa yọ́ irin fúnra wọn. Ìsúndunrin nítòsí Èjìgbò wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ àkọsílẹ̀ nípa abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń yọ òkúta di irin pẹ̀lú èédú. Kí ló pa iṣẹ́ náà? Irin ọkọ̀ ojú omi ló dé, ó pọ̀kú, rélùwéè sì gbé e wọ ilẹ̀ wa. Òkúta irin ṣì wà nínú ilẹ̀, ìdàrọ́ nìkan ni iléru fi sílẹ̀.

Ti iléeṣẹ́ irin tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Òṣogbo náà rèé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa na irin tó bá ti iléeṣẹ́ irin Aládjà ní Delta wá di ọ̀pá ìkọ́lé. Irin kò wá déédéé, ẹ̀rọ sùn, bẹ́ẹ̀ òkè Ìtakpẹ́ ní Kogí kún fún òkúta irin.

Ti bàbà náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 1970, àwọn onímọ̀ ṣírò pé èyí tó ṣeé wà jáde pẹ̀lú èrè ní gbogbo ayé tó 280 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Láàárín ìgbà náà sí 2006, wọ́n ti wa nǹkan bí 350 mílíọ̀nù, síbẹ̀ ìṣirò 2006 sọ pé 470 mílíọ̀nù ló kù. Kì í ṣe idán. Inú àká ni wọ́n ń kà, wọn kò ka oko. Bí owó bàbà bá ti gòkè, tí ẹ̀rọ tuntun dé, ilẹ̀ tí wọ́n ti fojú fò á di oko. Irin àlòkù sì wà: ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tó ń ra kóńdẹ̀mù, awakùsà lòun náà, nítorí iná tí a fi ń yọ́ alumíníọ́mù àlòkù kò ju bíi ìdá kan nínú ogún èyí tí a fi ń fà á yọ lára òkúta.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Bí òkúta bá ṣe ń ní bàbà tàbí wúrà díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a ó gbẹ́ ń pọ̀ sí i, tí omi tí a ó fi fọ̀ ọ́ ń pọ̀ sí i. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ odò ti mọ ìyẹn. Ọ̀ṣun tí à ń kì ní awẹdẹ-kó-tó-wẹmọ, ìyá tó fi idẹ rẹ ọmọ, omi rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú nítorí ìwakùsà wúrà lápá òkè odò, ní ìhà Iléṣà. Igbó Ọ̀ṣun tó wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005 ni omi náà ń gbà kọjá. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu nínú rẹ̀. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá gbé kẹ́ẹ̀gì dání dé etí odò, nítorí omi yẹn gan-an ni wọ́n bá wá.