Kí ni ẹ̀rọ MRI rí nínú ọpọlọ ẹni tó ní PTSD?

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà, ẹ̀yìn fíríìjì lẹ ó ti bá Àǹtí mi. Á fọwọ́ di etí, òógùn á bò ó. Ó wà lára àwọn tó sáré lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà, Sunday 27 oṣù Kìíní, 2002. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Inú kánáàlì Òkè-Àfà ni ọ̀pọ̀ wọn kó sí nínú òkùnkùn. Nílé, àwọn kan ní ìgbàgbọ́ Àǹtí mi ò tó, àwọn mìíràn ní àṣejù ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí ohun tó ń ṣe é ní orúkọ.

PTSD ni orúkọ náà, àìsàn ọpọlọ tó máa ń tẹ̀ lé ìjàmbá ńlá. 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀. Ẹni tó ní in kì í kàn rántí ìjàmbá tó ti kọjá. Lójú tirẹ̀, ó tún ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń ya àwòrán inú ara ni ẹ̀rọ MRI. Ẹ ó dùbúlẹ̀ sínú ihò rẹ̀, ẹ ò ní mira, á sì máa dún gbà-gbà-gbà sí yín létí. (Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ariwo yẹn dáadáa fún ẹni tó sá fún bọ́ǹbù rí.) Oríṣi kan wà tó ń tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀: apá ọpọlọ tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn máa ń rọ́ lọ, ẹ̀rọ náà á sì rí i.

Nínú ọpọlọ, amygdala ni mẹ́gáàdì. Ó kéré, ó rí bíi kóró inú fúrúùtù tí àwọn ọmọdé máa ń fi òkúta fọ́. Òun ló ń pariwo ewu. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí ni onílé tó ń dáhùn látòkè pé, "Fi í lẹ̀, táyà ló bẹ́." Ohun tí àwọn olùwádìí sábà máa ń rí ni pé mẹ́gáàdì ń pariwo jù, ohùn onílé ò sì ròkè tó. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo aláìsàn o.

Ní 1996, àwọn kan lo ẹ̀rọ mìíràn, PET, fún aláìsàn mẹ́jọ péré. Wọ́n ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníkálukú sí i létí. Apá òsì ọpọlọ tó ń bá wa hun ọ̀rọ̀ sọ rọlẹ̀. Tí a bá bi Àǹtí mi ní ohun tó rí ní kánáàlì, "Omi" ló máa ń sọ. Kò tún ní sọ nǹkan mìíràn.

Ìwádìí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ jáde ní 2002 kan náà, ìbejì ló sì dá lé. Àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu ni: ọ̀kan lọ sógun Vietnam, èkejì ò jà. Hippocampus, tó ń bá wa to ìrántí sí ibi àti ìgbà tirẹ̀, kéré lórí àwọn jagunjagun tí PTSD mú gan-an. Ṣùgbọ́n ó kéré lórí ìkejì wọn tí kò jagun rárá pẹ̀lú! Ó jọ pé bó ṣe rí kí ogun tó dé nìyẹn, tó fi rọrùn fún àìsàn náà láti wọlé.

Nítorí náà, ẹ má gbé owó lọ ya MRI torí kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ ní PTSD. Orí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kó jọ ni ìyàtọ̀ wọ̀nyí ti ń hàn. Àwòrán orí ẹnì kan ò lè sọ ọ́. Ìbéèrè ni dókítà fi ń dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ, díẹ̀díẹ̀, wà lára ìtọ́jú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ̀rù orúkọ "Yaba Left", ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Yaba, tí wọ́n fi ń bú ènìyàn ba Àǹtí mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó gbà láti lọ nígbẹ̀yìn, mo tẹ̀ lé e lọ. Dókítà ò mẹ́nu ba ẹ̀rọ kankan. Ó ní, "Mà, oorun yín ńkọ́?" Àǹtí mi wo ilẹ̀ títí. Ó wá ní, "Omi yẹn tutù."